«Go», «aller», «lọ»: Àríwísí lórí bí a ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn nínú ìwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

Ẹni tí ó bá ti lo àkójọ ọ̀rọ̀ elédè mẹ́ta rí mọ irú ìlà yìí: «lọ – aller – go». Ìlà tí ó tẹ̀lé e yóò sọ pé «wá – venir – come», ọ̀rọ̀ sì parí. Òǹkàwé yóò rò pé òun ti rí kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn kan náà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ilẹ̀kùn náà kì í ṣe ọ̀kan. Ìlà náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ inú rẹ̀ kéré ju èyí tí òǹkàwé ń retí lọ. Bí òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bá gbára lé e láti kọ ìwé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà yóò jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ kò ní jẹ́ Yorùbá.

1. Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan Tchetti

Tchetti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbègbè kọ́múnù Savalou, nítòsí ààlà Tógò. Ifẹ̀ ni èdè àwọn ará ibẹ̀, àwọn tí ìwé mìíràn ń pè ní Ana. Èdè yìí kan náà ni a ń sọ ní agbègbè Atakpamé ní òdìkejì ààlà. Ní ìhà àríwá Savalou, ní Bantè, Ìtṣà ni a ń sọ. Ní ìlú Savalou fúnra rẹ̀, Máhí ni, èdè tí ó wà nínú ẹbí Gbè pẹ̀lú Fọ̀n. Ọmọ Tchetti ń gbọ́ Faransé ní ilé-ìwé, ó sì ń bá Gẹ̀ẹ́sì pàdé nígbà tí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé Yorùbá tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ń gba ọ̀nà méjì. Lára àwọn tí ó ti Nàìjíríà wá, ìtumọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì kò wọ́n. Lára àwọn tí a ṣe ní Benin, ìtumọ̀ láti inú Faransé kò wọ́n. «Go» ló wà lẹ́yìn àwọn ti ìṣáájú, «aller» ló wà lẹ́yìn àwọn ti ìkejì. Nítorí náà ni Tchetti fi jẹ́ ibi tí àṣìṣe méjèèjì ti lè pàdé lórí tábìlì olùkọ́ kan ṣoṣo.

A fẹ́ kí ó yé òǹkàwé pé Yorùbá àjùmọ̀lò ni a fi ṣe àpẹẹrẹ inú àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn onímọ̀ kan ka Ifẹ̀ sí ẹ̀ka Yorùbá, àwọn mìíràn kà á sí èdè ọ̀tọ̀ nínú ẹgbẹ́ àwọn èdè tí ó bá Yorùbá tan. Ìjiyàn yẹn kò dí wa lọ́wọ́. Ìbéèrè tí a ń béèrè nípa «lọ» ni a gbọ́dọ̀ béèrè nípa ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún un ní ẹnu ará Tchetti.

2. Iṣẹ́ tí «go» ń ṣe

Ọ̀rọ̀ kékeré ni «go», ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ pọ̀. Ìrísí rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ọ̀kan: «went», tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ ìlọ àná, láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn ni a ti yá a, èyí tí í ṣe «wend». Faransé ṣe irú rẹ̀: «je vais», «nous allons», «j'irai», bí ẹni pé ọmọ ìyá mẹ́ta ló pín iṣẹ́ kan ṣe. Yorùbá kò yí tirẹ̀ padà. «Mo lọ», «mo ń lọ», «n ó lọ»: ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ni ó ń yí, «lọ» dúró gbọn-in.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí «go» ti kúrò lọ́nà ìrìn. Ojú ènìyàn lè «go» di àìríran. Àwa yóò wí pé ó fọ́jú. Ọpọlọ lè «go». Àwa yóò wí pé ó ya wèrè. Oúnjẹ lè «go» burú. Àwa yóò wí pé ó bà jẹ́. Irun lè «go» funfun. Àwa yóò wí pé ó hewú. Agogo ilé-ìwé «goes». Àwa yóò wí pé ó dún. Aago kò «go». Àwa yóò wí pé kò ṣiṣẹ́. Aṣọ «goes» pẹ̀lú fìlà. Àwa yóò wí pé ó bá a mu. Nínú méje wọ̀nyí, kò sí ibi tí «lọ» ti wúlò.

Èyí tí ó yani lẹ́nu jù ni ti òjò. Nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé a máa wí pé òjò «ń lọ» rọ̀. Yorùbá a wí pé òjò fẹ́ rọ̀, tàbí pé òjò ń bọ̀. Òjò kan náà, ìkùukùu kan náà. Àwọn rán an lọ, àwa ń dúró dè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkíni rí. Àwọn méjèèjì a máa fi «go» àti «aller» béèrè àlàáfíà ara wọn. Láti ibẹ̀ ni «báwo ni ó ṣe ń lọ?» ti wọlé sí ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa. A kò ní bá ẹni tí ó ń sọ ọ́ jà, ṣùgbọ́n kí a má fi í ṣe ẹ̀kọ́ kìíní fún àgbàlagbà tí ó ti ń kí ènìyàn pé «ṣé àlàáfíà ni?» kí a tó bí olùkọ́ rẹ̀.

3. Iṣẹ́ tí «lọ» ń ṣe tí «go» kò lè ṣe

Bí «go» ti ní ẹrù tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni «lọ» ní. A ó mẹ́nu ba mẹ́rin.

Èkíní, «lọ» a máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn láti fi ìhà tí nǹkan kọjú sí hàn. Ó gbé àpò náà lọ. Ó gbé àpò náà wá. Ẹyẹ náà fò lọ. Ẹni tí ó bá túmọ̀ «lọ» inú gbólóhùn wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò rò pé iṣẹ́ méjì ni a sọ, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀kan. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò nílẹ̀: ọmọ náà sùn lọ.

Èkejì, òun ni a fi ń ṣe ìfiwéra. Igi ìrókò ga ju igi ọsàn lọ. Igi méjèèjì dúró sí ibi tí a gbìn wọ́n sí, síbẹ̀ «lọ» wà nínú gbólóhùn náà.

Ẹ̀kẹta, ó ń fi hàn pé nǹkan kò dáwọ́ dúró. Ó ń ka ìwé náà lọ. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ti àṣẹ. «Lọ!» bẹ́ẹ̀ lásán jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń lé ènìyàn tàbí tí a fi ń rán ọmọdé níṣẹ́. Fún àgbà, «ẹ máa lọ» ni, àti pẹ̀lú rẹ̀, «ó dàbọ̀». «Go» Gẹ̀ẹ́sì kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ ọ́n, nítorí pé àgbà ni òun fúnra rẹ̀. Ìwé tí ó bá wí fún ìyá arúgbó pé «lọ sí ojú ewé kẹta» ti ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì: kò bọ̀wọ̀ fún un, kò sì sọ Yorùbá. A kì í lọ sí ojú ewé. «Ẹ ṣí ojú ewé kẹta» ni ó tọ́.

Ó yẹ kí a fi ọ̀kan kún un nípa «lọ sí». Ibi ni a ń lọ sí. A kì í lọ sí ènìyàn. A lè lọ sí Savalou, a lè lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n a ó lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, tàbí kí a lọ bá dókítà. «Lọ sí dókítà», tí a ń rí nínú ìwé ìlera nígbà mìíràn, ìtumọ̀ «go to the doctor» ni, ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan.

4. «Lọ» àti «rè»

Àkójọ ọ̀rọ̀ a máa gbàgbé pé Yorùbá ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ fún ìlọ. «Níbo lẹ̀ ń lọ?» àti «níbo lẹ̀ ń rè?» jẹ́ ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì kì í hu ìwà kan náà. «Lọ» lè dá dúró: ó ti lọ. «Rè» kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí ó ń rè, yálà a sọ ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tàbí a ti sọ ọ́ ṣáájú. «Lọ» sábà máa ń fẹ́ «sí». «Rè» kò fẹ́ ẹ. Mo ń lọ sí Bantè. Mo ń re Bantè. Nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé «rè», ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ a gòkè di ohùn àárín: re ilé, tí a tún ń pè ní relé.

«Rè» ni ó wà nínú òwe tí àwọn àgbà wa fi ń gba ènìyàn níyànjú: ibi tí à ń rè là ń wò, a kì í wo ibi tí a ti ṣubú. Òun náà ni ó wà nínú èyí tí a fi ń rán arìnrìn-àjò létí ilé: àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Nígbà tí àgbà bá sì kú, a lè wí pé ó re ibi àgbà ń rè. Ìwé tí ó bá kọ́ni ní «lọ» nìkan ti yọ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí òwe rẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀.

5. «Wá», «bọ̀» àti ìpadàbọ̀

Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. «Wá» ni àṣẹ: «wá níhìn-ín». Òun ni a tún ń lò fún ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra: ó wá lánàá, ó ń wá síbí lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá wà lójú ọ̀nà, «ó ń bọ̀» ni a ń wí. Bí a bá wí pé «ó ń wá a», ìtumọ̀ mìíràn ni yóò ní, nítorí pé ìwákiri náà ń jẹ́ «wá», pẹ̀lú ohùn kan náà. Síwájú sí i, «wá» a máa so ìtàn pọ̀: «ó wá lọ» kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan kọ́kọ́ dé kí ó tó lọ, ó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn èyí ni ó lọ.

Ní 1971, Charles Fillmore, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ará Amẹ́ríkà, sọ̀rọ̀ ní Santa Cruz lórí bí ipò asọ̀rọ̀ àti ipò ẹni tí ń gbọ́ ṣe ń darí «come» àti «go» nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi hàn pé ènìyàn lè lo «come» fún lílọ sí ibi tí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ wà. Títí débẹ̀, Yorùbá bá a dọ́gba: bí ìyá bá pe ọmọ láti inú ilé, ọmọ yóò dáhùn pé «mo ń bọ̀». Ṣùgbọ́n àwa tẹ̀ síwájú. Ẹni tí ó jókòó tì wá, tí ó dìde, tí ó kọ ẹ̀yìn sí wa, tí ó ń jáde, òun náà yóò wí pé «mo ń bọ̀». Kò purọ́. Ìpadàbọ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe ìjáde rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà bá gbé e sínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wí pé «I'm coming» bí wọ́n ti ń jáde lọ, àlejò a dúró, a máa wò.

Ọ̀rọ̀ yìí ní gbòǹgbò. Nígbà tí a bá ń pínyà a máa wí pé «ó dàbọ̀», èyí tí í ṣe «ó di àbọ̀». Nígbà tí ènìyàn bá dé, a máa wí pé «ẹ káàbọ̀», èyí tí í ṣe «ẹ kú àbọ̀». «Bọ̀» kan náà ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Àdúrà tí a sì ń ṣe fún arìnrìn-àjò kì í dá àlọ nìkan mẹ́nu. A máa so àbọ̀ mọ́ ọn. Ní ìlú ẹ̀bá ààlà, níbi tí ọ̀nà Tógò àti ti Savalou ti pín, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà nìkan. Olùkọ́ tí ó bá kọ «mo ń bọ̀ – je viens» láìfi àlàyé kún un ti sọ ìdajì, ó sì ti fi ìdajì tí ó jẹ́ tiwa sílẹ̀.

6. Ohùn

Ìlà «lọ – go» ní ewu mìíràn nínú ìwé tí kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀. «Lọ» ni ìrìn. «Lọ̀» ni ohun tí a ń ṣe sí ata lórí ọlọ. «Lọ́» ni ohun tí a ń ṣe sí okùn tàbí aṣọ tútù. Yálà a kọ fáwẹ́lì náà ní ọ, tàbí a kọ ọ́ ní ɔ gẹ́gẹ́ bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí a gbé kalẹ̀ ní 1975 tí a sì tún ṣe ní 1990 àti ní 2008, bí àmì kò bá sí, ọ̀kan náà ni wọn lójú ìwé.

Àmì nìkan kò sì parí iṣẹ́. Gẹ́gẹ́ bí a ti rí i lára «rè», ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gba ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Nítorí náà «ìyá lọ ata» àti «ìyá lọ oko» dọ́gba ní ojú àti ní etí. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé wọn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Níwájú ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, ohùn náà a padà: «ó lọ̀ ọ́», ata ni. Ẹ̀rí ni èyí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú òpó kò tó láti kọ́ni. Gbólóhùn ni ó ń kọ́ni.

7. Ohun tí ó wà nínú ewu

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìkéde kan tí a tẹ̀ ní ìlú ńlá, tí a túmọ̀ láti inú «allez faire vacciner vos enfants». Atúmọ̀ wo àkójọ ọ̀rọ̀, ó rí «aller – lọ», ó sì kọ ọ́ pé: «Ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọ yín.» Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà Tchetti, ó lè ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn, ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kà yóò dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, yóò kà á, yóò sì béèrè pé: níbo? Ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí ó pè é wọlé ni ó ń rán an lọ síbòmíràn. Ní ilẹ̀kùn yẹn, ohun tí ó tọ́ ni «ẹ gbé àwọn ọmọ yín wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára»; ní ọjà, «ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn». Ìkéde méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Bí ìyá náà bá yí padà sílé, kì í ṣe pé kò mọ̀wé kà. Ó kà á dáadáa. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni kò kọ ọ́ dáadáa.

A kò sọ èyí láti bu àwọn aṣáájú kù. Láti 1843 tí Samuel Ajayi Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, àkójọ ọ̀rọ̀ ti ṣe wá lóore. Ìwé atúmọ̀ èdè tí R. C. Abraham tẹ̀ jáde ní 1958 wúlò títí di òní nítorí pé gbólóhùn pọ̀ nínú rẹ̀. Àríwísí wa kì í ṣe sí ìwé atúmọ̀, bí kò ṣe sí àṣà gígé gbólóhùn kúrò kí ìwé lè kúrú. Òtítọ́ ni pé bébà wọ́n, àti pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò lè gbé ẹrù púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn mẹ́ta tí ó péye kò gba ààyè ju ìlà mẹ́ta lọ.

Nítorí náà a dá àbá wọ̀nyí fún ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ní Tchetti, Bantè àti àyíká wọn. Kí ẹ tó tẹ ìwé tàbí ìkéde tí ọ̀rọ̀-ìṣe ìrìn wà nínú rẹ̀, ẹ lọ bá àgbà méjì tàbí mẹ́ta tí kò lọ ilé-ìwé. Ẹ má béèrè pé «kí ni ẹ ń pe aller?» Ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ síwájú wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́:

(a) A ń rán ọmọ sí ọjà láti ilé; ọmọ náà ti wà ní ọjà, a sì ń pè é sílé.
(b) Ẹnì kan ń jáde, ṣùgbọ́n yóò padà láìpẹ́.
(d) Àgbà kan ń dágbére fún wa, ó ń re ìdálẹ̀.
(e) A fẹ́ lọ sí ìlú kan. A fẹ́ lọ rí ènìyàn kan.
(ẹ) Ojú ọ̀run ṣú, òjò kò sì tíì rọ̀.
(f) Igi kan ga, èkejì kò ga tó o.
(g) Ìyá wà ní ìdí ọlọ. Ìyá wà lójú ọ̀nà oko.

Ìdáhùn méje yìí yóò kọ́ wa ní ohun tí òpó mẹ́ta kò lè kọ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ tàbí ti Ìtṣà bá yàtọ̀ sí ti Yorùbá àjùmọ̀lò, ẹ má ṣe pa á rẹ́. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, kí èkejì tẹ̀lé e. Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan kò tó láti dé ọjà náà, ká má tilẹ̀ sọ ti bíbọ̀ wálé.